Ohun Tí A Kọ Sí Ìlà Kẹrin

Lẹ́tà tó ti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá náà kò ju ojú ewé kan lọ. Tíṣà Nehemiah kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn òbí tí ó pésẹ̀, ó ká a, ó sì fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tí ń bẹ̀rù pé yóò tún dìde sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé ni. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá, oòrùn Jikwoyi, lẹ́bàá Abuja, sì ń mú páànù òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà dún pàkà-pàkà. Ọmọ mọ́kànlá ni ń bẹ nínú kíláàsì àkànṣe tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀kọ́ gbogbogbòò kò bá lára mu. Nínú òbí wọn, márùn-ún péré ni ó lè wá. Àwọn yòókù wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí nínú ọkọ̀ tí kò rìn lójú ọ̀nà Nyanya.

Lydia Ọlábímtán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà. Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan láàárín ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò ju kí ó máa ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ, kí ó kọ èrò tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tì í lọ sí orí tábìlì tí ó kàn. Ó máa ń mọ ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fẹ́ wí kí a tó kà á dé ìdajì. Síbẹ̀ ó béèrè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn yòókù ń wò.

"Tíṣà, ẹ bá wa là á mọ́lẹ̀. Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní òfin ni pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ọmọ mẹ́jọ tí ó nílò àkànṣe ìtọ́jú, ó kéré tán, ni a ń fún ní tíṣà àkànṣe. Wọ́n ní nínú àkọsílẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ méjì ni àwa ní. Nítorí náà, bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì, kíláàsì yìí yóò di títì. Àwọn ọmọ yóò padà sí kíláàsì gbogbogbòò, èmi yóò sì lọ sí Zuba."

Zuba wà ní ìpẹ̀kun kejì ìlú, lójú ọ̀nà Kàdúná. Kò sí ìyá tí ó lè máa gbé ọmọ lọ síbẹ̀ láti Jikwoyi láràárọ̀, kí ó sì tún dé ibi iṣẹ́.

"Méjì kẹ̀?" ni ìyá kan pariwo. "Àwọn mẹ́sàn-án tó kù, ṣé iwin ni wọ́n ni?"

Nehemiah kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ ní èjìká, ó sì ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó fa àpò ìwé kan yọ, ó sì tú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù mọ́kànlá sílẹ̀, èyí tí àwọn òbí kọ ní sáà tó kọjá.

"Ìlà kẹrin ni kí ẹ wò," ni ó wí. "Wọ́n béèrè àìlera tí ń bá ọmọ náà fínra. Ẹ jẹ́ kí n ka èsì wa fún yín." Ó wọ gíláàsì rẹ̀. "'Kò sí, ní orúkọ Jésù.' Òmíràn: 'Ọmọ mi kì í ṣe abirùn, ọmọ ogo ni.' Òmíràn: 'Alhamdulillah, ara rẹ̀ le.' Òmíràn: 'Ó ti gba ìwòsàn.' Ṣé kí n máa kà á lọ?"

Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ó kọ èwo, nítorí pé olúkúlùkù mọ ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Lydia rí tirẹ̀. "Kò sí" ni ó kọ, pẹ̀lú ìwé ọwọ́ tó gún régé tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń yìn, ó sì fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì.

Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, lójú ara wọn. Nínú ìjọ tí Lydia àti ọkọ rẹ̀ ń lọ, bí ibà bá tilẹ̀ ń mì ènìyàn jìgìjìgì, "ara mi le" ni yóò wí fún ẹni tó bá kí i. Ohun tí a bá fi ẹnu jẹ́wọ́ ni a gbà sí ilé. Ẹni tó bá sì fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ òun ní àìlera ti gba àìlera náà wọlé, ó ti fún un ní àga. Àdúrà ni gbogbo èsì wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù náà kò mọ̀ pé àdúrà ni. Ó ka àwọn tí wọ́n kọ àìlera sí, ó rí méjì: ọmọ àgbẹ̀ kan nínú àwọn Gbàgyí onílẹ̀, àti ti ìyá kan tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí Tíṣà bá kọ tirẹ̀.

"Mo dé ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ yìí," ni Nehemiah wí. "Obìnrin kan wà níbẹ̀, Lateefah ni orúkọ rẹ̀, ó bá mi sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó ní bí fọ́ọ̀mù tuntun mẹ́fà bá dé ọwọ́ òun kí aago mẹ́rin tó lù lọ́jọ́bọ̀, òun yóò ṣí fáìlì náà padà. Ṣùgbọ́n òbí ni kí ó kọ ọ́, òbí ni kí ó sì mú un wá. Bí èmi bá gbé e lọ, wọn yóò ní mo ń kó ọmọ jọ kí n má baà lọ sí Zuba."

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ ni, sà?" ni Lydia béèrè.

"Ìyá Ànú, ó ti rẹ̀ mí débi pé gbogbo ibi ló dọ́gba lójú mi. Àwọn ọmọ yìí ni kò dọ́gba." Ó nawọ́ àwọn fọ́ọ̀mù òfìfo sí i. "Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ọ́fíìsì nínú gbogbo wa."

Lydia gbà á. Méjì nínú àwọn òbí tó wà níbẹ̀ kọ tiwọn lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú omijé. Ìyá kẹta ní òun yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọkọ òun. Ti òbí kan ti wà ní fáìlì tẹ́lẹ̀. Lydia kò kọ tirẹ̀. Ó ní òun yóò ṣe é nílé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ànú. Wọ́n ti kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Maitama, àdúgbò àwọn olówó, níbi tí ọmọ mẹ́ta ní tíṣà kan, ṣùgbọ́n sáà kan ṣoṣo ni agbára wọn gbé e dé. Lẹ́yìn ìyẹn ó lo ọdún mẹ́ta ní kíláàsì gbogbogbòò, láàárín àádọ́rin ọmọ. Abẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń fi í sí. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, ibẹ̀ náà ni yóò tọ̀ ọ́ sí, yóò sì jókòó lé e títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Nígbà tó yá, wọ́n yọ àga rẹ̀ kúrò kí ó má baà ba igi jẹ́. Ọdún kan ààbọ̀ lọ́wọ́ Nehemiah, ó ti lè ka nǹkan dé ẹ̀fà, ó ti ń wọ bàtà ara rẹ̀, ó sì ti ń sọ ohun tó ń ṣe é kí ó tó ṣẹlẹ̀. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni Lydia ń rí nígbàkígbà tó bá rántí ọjọ́ Ẹtì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti ibi iṣẹ́, kò tíì dé ilé tí ó fi yà sí ọ̀dọ̀ Sàkáríyà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lẹ táyà ní ẹ̀bá títì. Balkis ọmọ rẹ̀, tí kò gbọ́rọ̀ láti kékeré, ni Tíṣà ń kọ́ ní èdè ọwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Balkis."

"Ẹ ṣé o, Ìyá Ànú. Ẹ káàbọ̀. Táyà ló jò ni? Ẹ ò kúkú ní ọkọ̀."

Lydia rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni."

"Kai! Fọ́ọ̀mù yẹn náà? Mo ti kọ ọ́ o. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ dáadáa."

"Ẹ kọ pé ara rẹ̀ le."

"Ara rẹ̀ ò wá le ni? Ọmọ tó yí táyà tirélà gba iwájú yín yìí kọjá láàárọ̀? Ẹ pè é kó wá bá yín jà, ẹ óò rí i bóyá ara rẹ̀ le."

"Bí mo bá pè é, ṣé yóò gbọ́?"

Sàkáríyà ti rọ́ọ́bù inú táyà kan bọ inú agbada omi dúdú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ.

"Mo mọ̀ pé kò gbọ́rọ̀," ni ó wí. "Ta ló ní n kò mọ̀? Èmi ni mo máa ń fọwọ́ lù ú léjìká kó tó wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, kí n buwọ́ lù ú, kí ìjọba wá gbé e sínú àpótí, kó wà níbẹ̀ títí láé? Bí ẹni tó fẹ́ ẹ bá dé ńkọ́, tó ní òun ti rí i nínú ìwé?"

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ ti ń bá wá ọkọ."

"Ẹ jẹ́ kí n tètè máa wá a. Ọjọ́ ń lọ."

"Bàbá Balkis, bí Tíṣà bá lọ, ta ni yóò máa bá Balkis sọ̀rọ̀? Èmi ò gbọ́ èdè ọwọ́. Ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ mẹ́ta níbẹ̀," ni Sàkáríyà wí, bí ẹni tí a rẹ́ jẹ. "Oúnjẹ. Wá. Ó tó." Ó rí ibi tó jò, ó fi ẹyọ ìṣáná kan sàmì sí i, ó sì gbé rọ́ọ́bù náà sílẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ kọ sí tiyín?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ kọ ọ́. Mo ní kí lẹ kọ."

"Mo kọ òtítọ́," ni Lydia wí, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ìlà kẹrin funfun báláú.

Sàkáríyà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, kò mọ́. Ó tún un nù, kò mọ́. Ó gba bírò. Ó kọ ọ́ lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ sì fi àmì dúdú sílẹ̀ ní etí ìwé náà: Kò gbọ́rọ̀. Ó dá a padà láìwo ojú rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i," ni ó wí. "Òun ló ní kí n kọ ti àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀."

Ní Ọjọ́rú ó tún rí méjì gbà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn nílé èkíní àti ẹ̀kún nílé èkejì. Bàbá kan ní òun kò kọ ohunkóhun, pé bí ó bá di dandan òun yóò gbé ọmọ òun padà sí Ìkìrun. Òbí kan kò gbé fóònù. Ọkọ ìyá kẹta ọjọ́ Ajé kò gbà. Lydia kà wọ́n lórí ibùsùn: méjì tó ti wà ní fáìlì tẹ́lẹ̀, márùn-ún tí ó gbà. Méje. Ẹkẹjọ ni tirẹ̀.

Ní aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dìde fún àdúrà ilé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọlábímtán ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí Ànú, ẹni tó jókòó sórí àkéte, tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀.

"Orí Ànú pé," ni ó wí.

"Àmín."

"Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Yóò ka ìwé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ."

"Àmín," ni Lydia wí, bí ó ti ń wí i láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó sì wí i tọkàntọkàn.

Nígbà tí wọ́n parí, ó gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú ọkọ rẹ̀. Ọlábímtán kà á. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, akọ̀wé ìjọba bíi tirẹ̀, alàgbà nínú ìjọ, kì í sì í jágbe.

"Kí á dúró níwájú Ọlọ́run ní aago márùn-ún, kí á ní orí rẹ̀ pé. Kí á wá dúró níwájú ìjọba ní aago mẹ́rin, kí á ní kò pé. Èwo ni kí Ọlọ́run gbà gbọ́ nínú méjèèjì, Lydia?"

"Bàbá Ànú, Ọlọ́run mọ ilé wa. Ìjọba ni kò mọ̀ ọ́n."

"N kò ní kí o má kọ ọ́."

"Kí ni ẹ wá ní?"

"Mo ní ọwọ́ mi kò lè kọ ọ́." Ó dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan lábẹ́ àga. "Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lánàá. Mo mú bírò. Mo rò pé o ti sùn."

Lydia kò mọ̀ pé ó mú bírò. Ó wò ó bí ó ti ń so okùn bàtà rẹ̀, ó rí i pé irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́yìn etí. Ọlábímtán lọ wọ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀.

Lọ́sàn-án, ó tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, ó mú Ànú ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé aládùúgbò tó máa ń mú un kò sí nílé, àwọn méjèèjì sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ Lateefah. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó fi híjáàbù aláwọ̀ eérú bo orí, fáìlì tó tò sí iwájú rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó ní láti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó lè rí ẹni tó wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó. Mo gbọ́ nípa yín lẹ́nu Tíṣà." Ó gba àwọn fọ́ọ̀mù, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró díẹ̀ níbi àmì ìka dúdú. "Márùn-ún. Pẹ̀lú méjì ọ̀dọ̀ wa, méje. Ó ku ẹyọ kan, mà."

"Ó wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì kọ ọ́ tán."

"Ẹ kọ ọ́ níbí. Aago mẹ́rin ni ọ̀gá ń buwọ́ lu ìwé kẹ́yìn."

Lydia mú bírò. Ó kọ orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì. Nígbà tí ó dé ìlà kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí ọdún mẹ́rìndínlógún ti kọ́ ọ: ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní gún ẹnikẹ́ni. Ó kọ pé: Ó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́. Ó tì í sọ́dọ̀ Lateefah.

Lateefah kà á, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Gbogbo ọmọ tó wà ní Abuja ló nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Bí èyí bá gòkè lọ, wọn yóò dá a padà. Ohun tó ń ṣe é gan-an ni wọ́n fẹ́ rí." Ó yọ fọ́ọ̀mù tuntun kan nínú àpótí tábìlì.

Lydia mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Òun fúnra rẹ̀ ti dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà fún àwọn ènìyàn, kò lónkà, láìgbé ojú sókè. Ó tún mú bírò, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń wo ìlà náà. Lórí ògiri, aago mẹ́rin ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ànú fa aṣọ rẹ̀. "Màámi."

"Dákẹ́ díẹ̀ ná."

"Màámi. Ìtọ̀."

Lydia yíjú sí i. Ọmọ náà pa ẹsẹ̀ pọ̀, ojú rẹ̀ le pẹ̀lú ìsapá, ó ń mú un mọ́ra gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ. Lateefah dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ilé ìtọ̀ wà nísàlẹ̀, mà, ṣùgbọ́n títì ni. Ọwọ́ Málàm tó wà lẹ́nu géètì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ sáré!"

Wọ́n sáré. Málàm ń ṣe àlùwàlá, wọ́n dúró dè é. Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó ní sànnu, sànnu, kí wọ́n rọra. Ànú dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó dúró lórí èkejì, ó di ìka ìyá rẹ̀ mú títí ó fi ń dùn ún, kò sì tọ̀ sára. Nígbà tí wọ́n jáde síta, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Lydia gun àtẹ̀gùn padà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Kò jókòó. Ó tẹ̀ síwájú tábìlì, ó sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀. Kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìsí tíṣà àkànṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ó buwọ́ lù ú. Kò fa ìlà sí abẹ́ ohunkóhun.

Lateefah lu òǹtẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ wọ inú yàrá ọ̀gá, ó sì padà pẹ̀lú fáìlì náà lábẹ́ apá.

"Ó di mẹ́jọ, mà. Tíṣà kò ní lọ sí Zuba mọ́."

"A dúpẹ́. Ẹ ṣeun púpọ̀." Ó fẹ́ lọ, ó tún dúró, àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ni. "Títí di ìgbà wo?"

"Títí di ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yìí. Bí tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ óò tún kọ òmíràn."

"Òmíràn? Fún ọmọ kan náà?"

"Ọdọọdún ni, mà." Lateefah rẹ ojú sílẹ̀, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ara ọmọ ti yá."

Lydia wò ó, bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó mú Ànú lọ́wọ́, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọlábímtán ni.

"Ṣé o ti dé ibẹ̀?"

"Mo ti dé ibẹ̀. Mo ti kúrò níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á. Kíláàsì kò ní kú. Ọdún yìí nìkan ṣá ni."

Ó gbọ́ mímí rẹ̀, àti ariwo ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí ń ti àpótí tábìlì pa. "Kí lo kọ?"

Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, ní ẹ̀bá títì, pẹ̀lú ohùn tó lè bo ariwo ọkọ̀. Obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú wo Ànú, ó sì yára gbójú kúrò.

"Ó dára," ni Ọlábímtán wí. "Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Bàbá Ànú."

"Hún?"

"Ẹ̀yin ni ẹ óò kọ ti ọdún tó ń bọ̀."

Bọ́ọ̀sì Nyanya kan dúró, ó ti kún. Lydia ti Ànú síwájú, ó fi èjìká wá àyè fún àwọn méjèèjì, fóònù ṣì wà létí rẹ̀, ó ń dúró de ohun tí ọkọ rẹ̀ yóò wí.

"Èmi ni n óò kọ ọ́," ni Ọlábímtán wí.